Ta ló sọ Edgar Allan Poe di wèrè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá wa. Ọmọbìnrin mi wà ní SS2. Ó mú ìwé ìtàn kan wálé láti ilé ìwé, ti Edgar Allan Poe, ọmọ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́. Mo ṣí i wò, ìpànìyàn àti òkú ló kún inú rẹ̀. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó kàwé dáadáa ní kí n gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Ó ní ọ̀mùtí paraku ni Poe, pé ó ya wèrè, pé oògùn olóró ló máa ń lò kó tó kọ̀wé, àti pé ohun tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣe ló ń kọ sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n gba ìwé náà?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má gba ìwé náà. Poe mutí, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni, kì í ṣe wèrè tó ń já ewé jẹ, oògùn olóró kọ́ ló sì ń bá a kọ̀wé. Arákùnrin yín kò dédé hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1849, ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ní orúkọ, ó sì ní ohun tó ń bí i nínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà, ìbéèrè yìí kì í sì í wọ́n láàárín wọn. Ó máa ń dùn mí, torí pé òkú ni wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́, òkú kò sì lè fèsì. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí orúkọ náà ti bàjẹ́, ká tó wá dé orí ìgbésí ayé ọkùnrin náà.

Poe kú ní ìlú Baltimore ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, ọdún 1849. Ẹni 40 ọdún ni. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì, àwọn tó tẹ̀ lé òkú náà dé ibojì kò tó nǹkan. Nígbà tó máa di ọjọ́ 9, ìwé ìròyìn New York Tribune ti gbé ọ̀rọ̀ nípa ikú rẹ̀ jáde. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, "Ludwig" ló fi síbẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: Edgar Allan Poe ti kú, ó kú ní Baltimore níjẹta, ìròyìn yìí yóò ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí yóò ba nínú jẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní Poe a máa rìn káàkiri ìgboro nínú wèrè tàbí nínú ìbànújẹ́, tí ètè rẹ̀ á máa mì, tí á máa ṣépè lábẹ́ ẹnu. Ibẹ̀ gan-an ni wèrè tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Rufus Wilmot Griswold ni Ludwig. Olótùú bíi ti Poe ni òun náà, ó sì ti gbàṣẹ ìwàásù rí nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Lọ́dún 1842, ó kó ewì àwọn akéwì Amẹ́ríkà jọ sínú ìwé ńlá kan tó tà gan-an. Ewì Poe wà lára wọn. Síbẹ̀ Poe kò tìtorí ìyẹn dákẹ́. Ó sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìwé náà, ó tún gbé e lọ sórí pèpéle ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Griswold níwájú àwọn ènìyàn. Lọ́dún 1842 kan náà, Poe fi iṣẹ́ olótùú sílẹ̀ ní ìwé ìròyìn Graham's ní Philadelphia, Griswold sì ni wọ́n gbà sí àyè rẹ̀. Inú bíbí yẹn kò tán nínú Griswold títí Poe fi kú. Ẹni yìí náà ló tún wá di ẹni tó ń bójú tó títẹ àwọn ìwé olóògbé, torí pé Maria Clemm, ìyá ìyàwó Poe, fọwọ́ síwèé fún un.

Lọ́dún 1850, Griswold kọ ìtàn ìgbésí ayé Poe mọ́ àkójọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nínú ìkéde ikú ti àkọ́kọ́, ó ti yá ọ̀rọ̀ tí Bulwer-Lytton, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣàpèjúwe ẹ̀dá kan nínú ìtàn àròsọ rẹ̀: ọkùnrin onígbèéraga, onílara, tí kò ka ènìyàn sí. Nígbà yẹn, ó fi àmì àyọlò sí i. Nígbà tó ń tún un lò nínú ìwé ọdún 1850, ó yọ àmì náà kúrò. Ẹni tó bá wá ń kà á kò lè mọ̀ pé ẹni tí kò sí láyé rí ni wọ́n ń ṣàpèjúwe, á rò pé Poe gan-an ni. Kò tán síbẹ̀. Griswold mú lẹ́tà tí Poe kọ sí i, ó ti gbólóhùn tirẹ̀ bọ inú wọn. Ó sọ Poe di ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún Griswold, tó ń yìn ín, tó sì ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìdáa lẹ́yìn wọn. Ó tún ní wọ́n lé Poe kúrò ní yunifásítì. Wọn ò lé e.

Àwọn tó mọ Poe kò dákẹ́. Nathaniel Parker Willis, tó ti gbà á síṣẹ́ rí, kọ̀wé láti gbè é lẹ́sẹ̀. George Graham tó ni ìwé ìròyìn Graham's náà kọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ni wọ́n kọ tiwọn sí, tí Griswold sì wà nínú ìwé Poe fúnra rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ra ìwé Poe ló ń ra ọ̀rọ̀ Griswold mọ́ ọn. Ó di ọdún 1941 kí Arthur Hobson Quinn, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pennsylvania, tó gbé ojúlówó lẹ́tà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí Griswold tẹ̀ jáde, kí gbogbo ayé lè rí ibi tí ó ti fi kún un àti ibi tí ó ti yọ kúrò. Ó ti lé ní 90 ọdún tí irọ́ náà ti ń rìn. Ohun tí arákùnrin yín gbọ́ nìyẹn.

Ní báyìí, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ìyà jẹ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìyà tó jẹ ẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń sọ.

Òṣèré orí ìtàgé ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Boston ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 1809. Bàbá já wọn sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́wọ́. Ìyá, Eliza, ń gbé eré kiri pẹ̀lú àwọn ọmọ títí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀ ní Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 1811, ẹni 24 ọdún. Ikọ́ ife ni wọ́n gbà pé ó pa á. Edgar kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n pín àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Henry tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn òbí bàbá wọn ní Baltimore, ìdílé kan ní Richmond gba Rosalie tó jẹ́ àbúrò, Edgar sì bọ́ sílé John Allan, oníṣòwò tábà ọmọ Scotland, àti Frances ìyàwó rẹ̀ tí kò bímọ.

Wọ́n tọ́ ọ bí ọmọ olówó. Allan kó ìdílé rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1815, Edgar sì lọ sílé ìwé ní Stoke Newington nítòsí London kí wọ́n tó padà sí Richmond lọ́dún 1820. Ó kọ́ Látìn, ó kọ́ Faransé, ó mọ bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń jókòó. Àmọ́ John Allan kò gbà á ṣọmọ lábẹ́ òfin rí. Wọ́n fi Allan sáàárín orúkọ rẹ̀, wọn ò fi ogún sí i. Lọ́dún 1825, ẹ̀gbọ́n ìyá Allan fi dúkìá tabua sílẹ̀ fún un, ó di ọ̀kan lára àwọn olówó Richmond. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Edgar wọ Yunifásítì Virginia. Owó tí Allan fi rán an lọ kò tó san owó ilé ìwé. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́, kó lè rí èyí tó kù, ó sì rì sínú gbèsè tó tó 2,000 dọ́là. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó rán an. Allan ní òun ò san kọ́bọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ṣe parí láàárín ọdún kan. Ibi tí Griswold ti rí "wọ́n lé e" nìyẹn.

Ó bá Allan jà, ó kúrò nílé, ó wọ iṣẹ́ sójà ní Boston ní oṣù karùn-ún ọdún 1827. Ó pe ara rẹ̀ ní Edgar A. Perry, ó ní ẹni 22 ọdún ni òun, nígbà tó jẹ́ pé 18 ni. Dọ́là márùn-ún lóṣù ni wọ́n ń san fún un. Ọdún yẹn kan náà ló tẹ ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, 50 ẹ̀dà péré, kò sí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Ó ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ ológun, ó dé ipò sájẹ́ńtì mejọ̀, èyí tí ọ̀mùtí paraku kò lè dé. Lẹ́yìn náà ló lọ sí West Point, ilé ẹ̀kọ́ ológun Amẹ́ríkà, láti di ọ̀gá ológun, ó rí i pé ibẹ̀ kò bá òun lára mu, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣíwọ́ lílọ sí kíláàsì àti síbi tí àwọn sójà ti ń tò, wọ́n sì dá a dúró lọ́dún 1831. Frances Allan, ìyá kejì tó ní, ti kú lọ́dún 1829. Henry ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú lọ́dún 1831. Nígbà tí John Allan náà kú lọ́dún 1834, wọ́n ka ìwé ìhágún. Allan rántí àwọn ọmọ tó bí níta. Kò dárúkọ Edgar.

Ọ̀dọ̀ Maria Clemm, àbúrò bàbá rẹ̀, ni Edgar forí pamọ́ sí ní Baltimore. Òtòṣì opó ni obìnrin náà. Ó ní ọmọbìnrin kan, Virginia. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1836, Poe gbé Virginia níyàwó. Ẹni 27 ọdún ni òun, ọmọ ọdún 13 ni Virginia, nínú ìwé ìgbéyàwó wọ́n búra pé 21 ni. Mi ò ní wá àwíjàre fún un. Ọmọdé ni, wọ́n sì purọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tí mo lè fi kún un ni pé ilé kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé láti ìgbà náà lọ, Maria Clemm ló ń tọ́jú wọn, Virginia sì fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dé ọjọ́ ikú.

Ohun kan tún wà tí àwa aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ mọ̀. Lóṣù kejìlá ọdún 1829, Poe ló ṣojú Maria Clemm nígbà tí obìnrin náà ta ẹrú kan tó ń jẹ́ Edwin, ẹni 21 ọdún, ní 40 dọ́là, pé kí ó sin ẹni tó rà á fún ọdún mẹ́sàn-án. Ìwé ọjà náà wà. Griswold tó wá gbogbo ẹ̀bi tó lè rí sí Poe lẹ́sẹ̀ kò fi èyí kún un. Ní tèmi, mo kà á mọ́ ohun tí Poe ṣe, mi ò sì lè ka ìtàn ìyà tó jẹ ẹ́ kí n gbójú fo Edwin.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ọtí kì í dé. Poe wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó gbìyànjú láti fi kálàmù nìkan jẹun, kò sì sí àsìkò tó burú tó ìgbà tirẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò dáàbò bo ìwé àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà. Títí di ọdún 1891 ló rí bẹ́ẹ̀. Atẹ̀wé kan ní New York lè mú ìwé Dickens, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kó tẹ̀ ẹ́, kó tà á, kó má san nǹkan kan fún Dickens. Kí ló máa wá mú un sanwó fún ọmọ Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ kò tíì dún? Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ olótùú ni Poe ń ṣe láti ìlú dé ìlú: Richmond, Philadelphia, New York. Ní Graham's, 800 dọ́là ni wọ́n ń san fún un lọ́dún, ìwé ìròyìn náà sì ń mú owó ńlá wọlé fún ẹni tó ni ín. Nígbà tí ewì rẹ̀ "The Raven", èyí tó dá lórí ẹyẹ ìwò kan, jáde ní oṣù kìíní ọdún 1845, gbogbo Amẹ́ríkà ló ń kà á, àwọn ọmọdé ń tọ Poe lẹ́yìn ní ìgboro. Owó tó rí lórí ewì yẹn kò tó 20 dọ́là. Ó gba ìwé ìròyìn kan, Broadway Journal, ó fi owó tó yá di ẹni tó ni ín, ìwé ìròyìn náà sì kógbá sílé ní oṣù kìíní ọdún 1846.

Ní oṣù kìíní ọdún 1842, ní Philadelphia, Virginia ń kọrin nílé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ikọ́ ife ni, àrùn tí wọ́n gbà pé ó pa ìyá Poe. Ẹ fọkàn bá mi lọ síbi yìí, torí pé gbogbo ohun tó kù wà níbẹ̀. Kò kú lọ́dún náà. Ó gbádùn díẹ̀, ó tún wó lulẹ̀, ó tún dìde, ẹ̀jẹ̀ tún yọ. Ọdún márùn-ún ló fi rí bẹ́ẹ̀. Poe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, George Eveleth, tó ń kọ̀wé sí i, nínú lẹ́tà ọjọ́ 4, oṣù kìíní, ọdún 1848. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí àìsàn náà bá padà ni òun máa ń jẹ gbogbo ìrora ikú rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá sì tún yè é ni òun tún máa ń fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Ó ní orí òun dà rú, ó ní òun mutí, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìgbà àti bó ti pọ̀ tó. Ó wá ní àwọn ọ̀tá òun ń sọ pé ọtí ló fa orí dídàrú náà, kàkà kí wọ́n ní orí dídàrú ló fa ọtí. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹni tí orí rẹ̀ dà rú, mi ò bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ọkọ tó ń sin ìyàwó kan náà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún márùn-ún.

Lọ́dún 1846, wọ́n kó lọ sí ilé onígi kékeré kan ní Fordham, abúlé kan létí New York nígbà náà, níbi tí owó ilé kò ti wọ́n, 100 dọ́là lọ́dún. Òtútù mú. Mary Gove Nichols, obìnrin òǹkọ̀wé tó lọ kí wọn, kọ ohun tó rí sílẹ̀. Virginia dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi koríko gbígbẹ kún. Aṣọ funfun kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà, kò sí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀wù àwọ̀lékè ńlá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi bò ó, ológbò ilé wọn sì nà gbalaja lé e láyà. Nichols ní ó jọ pé ológbò náà mọ̀ pé òun wúlò. Ẹ̀wù yẹn àti ológbò yẹn nìkan ló ń mú ara rẹ̀ móoru, yàtọ̀ sí pé ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìyá rẹ̀ sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nichols lọ bá àwọn aláàánú, wọ́n gbé aṣọ ìbora wá, wọ́n dá owó jọ. Virginia kú ní ọjọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 1847. Ẹni 24 ọdún, bíi ti ìyá Poe gẹ́lẹ́.

Ọtí ńkọ́? Ó mu ún, ó sì ṣe é ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ń jókòó ti ìgò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Willis tó bá a ṣiṣẹ́ kọ ọ́ pé ìwà rẹ̀ kò lábààwọ́n níbi iṣẹ́, ó ń tètè dé, ó ń farabalẹ̀. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń sọ ni pé ife wáìnì kan ṣoṣo ti tó láti yí i padà pátápátá. Ara rẹ̀ kò gba ọtí. Á wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìfi ẹnu kàn án, ìbànújẹ́ á dé, á fẹnu kàn án, á wó. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1849, ó búra wọ ẹgbẹ́ àwọn tó kọ ọtí sílẹ̀ ní Richmond.

Ti oògùn olóró rọrùn jù láti dáhùn. Láúdánúmù, ìyẹn ópíọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ ọtí, ni gbogbo ilé ń lò fún ìrora nígbà náà. Poe fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nínú lẹ́tà kan pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1848, nígbà tí ayé sú u, òun mu ún lámujù. Àmọ́ pé ó di bárakú fún un? Thomas Dunn English ni kí ẹ bi. Oníṣègùn ni, ọ̀tá Poe sì ni. Ohun tó kọ nípa Poe ló gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù, tí adájọ́ fi ní kí ìwé ìròyìn tó tẹ̀ ẹ́ san owó ìtanràn tó lé ní 200 dọ́là fún Poe lọ́dún 1847. English yìí kọ ọ́ pé ká ní ópíọ̀mù ti di bárakú fún Poe nígbà tí òun mọ̀ ọ́n ni, òun ìbá ti rí àmì rẹ̀ lára rẹ̀, òun kò sì rí i. Nígbà tí ọ̀tá bá gbèjà ènìyàn báyìí, mo máa ń gbà á gbọ́.

Àwọn ìtàn rẹ̀ ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. "Èmi" ló máa ń wà lẹ́nu ẹni tó ń sọ ìtàn, "èmi" náà sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Ẹ ń wo fíìmù Yorùbá, ẹ kì í sọ pé òṣèré tó bá ṣe àjẹ́ níbẹ̀ jẹ́ àjẹ́. Nínú "The Tell-Tale Heart" tó jáde lọ́dún 1843, apànìyàn ló ń búra fún wa pé orí òun pé, bó sì ṣe ń búra sí i ni à ń rí i pé kò pé. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé kò lè to irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé tó mọ ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe, tó ń wọn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ló lè ṣe é. Ẹ wo ojúlówó ìwé ọwọ́ rẹ̀ tó kù nílẹ̀: lẹ́tà kéékèèké tó tò gún régé, lórí pélébé ìwé tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra wọn títí tó fi gùn, tó wá ká a jọ. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè kọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1846, ó tẹ àlàyé jáde nípa bó ṣe kọ "The Raven": ó ní òun kọ́kọ́ pinnu gígùn rẹ̀, bí 100 ìlà, ó sì parí sí 108; òun wá pinnu bó ṣe máa rí lára ẹni tó bá kà á, lẹ́yìn náà ni òun wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí á máa padà wá ní ìparí. Mi ò gba gbogbo àlàyé yẹn gbọ́. Ó jọ pé ó lọ́ ọ díẹ̀ kó lè dùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ kí ayé mọ òun nìyẹn, bí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣírò.

Òun náà ló kọ "The Murders in the Rue Morgue" lọ́dún 1841, ìtàn tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Dupin, ẹni tó wà nínú rẹ̀, fi ìrònú nìkan já ohun tí àwọn ọlọ́pàá Paris kò lè já. Nǹkan bí ọdún 46 lẹ́yìn náà ni Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn Conan Doyle, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Conan Doyle sì gbà pé Poe ni òun kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Poe tún pe àwọn òǹkàwé níjà nínú ìwé ìròyìn kan ní Philadelphia pé kí wọ́n fi àrokò oníwèé ránṣẹ́ sí òun, irú èyí tí wọ́n fi àmì dípò lẹ́tà, ó sì ń tú wọn. Ní Faransé, akéwì kan tó ń jẹ́ Baudelaire rí ohun tí àwọn ará ilé Poe kò rí, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tú àwọn ìtàn náà sí èdè Faransé.

Ti ikú rẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí àròsọ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ti tún bá Elmira Royster pàdé ní Richmond, obìnrin tó ti fẹ́ fẹ́ nígbà èwe kí bàbá obìnrin náà tó gba lẹ́tà wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Opó ni Elmira nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì ti wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1849, Poe wọkọ̀ ojú omi kúrò ní Richmond. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, wọ́n rí i ní ilé ọtí kan ní Baltimore tí wọ́n ń lò fún ibùdó ìdìbò, ara rẹ̀ kò dá, aṣọ tó wà lára rẹ̀ kì í sì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó sì kú lọ́jọ́ kẹrin. Àwọn kan ní àwọn jàǹdùkú olóṣèlú ló jí i gbé, torí wọ́n máa ń rọ ènìyàn lọ́tí yó, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, wọ́n á fi dìbò láti ibùdó kan sí èkejì. Àwọn kan ní ọtí ni, dókítà kan tilẹ̀ dábàá lọ́dún 1996 pé àrùn dìgbòlugi ajá ni. Ìwé ilé ìwòsàn tó lè la ìjà náà kò sí mọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀ ọ́n. Snodgrass, dókítà tó wá gbé e nílé ọtí, wà lára àwọn tó ń wàásù lòdì sí ọtí, ó sì fi ikú náà ṣe ẹ̀kọ́ káàkiri. Moran tó tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn yí ìtàn tirẹ̀ padà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó kù sí ti ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "The Purloined Letter", níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà kan pamọ́ sí gbangba tí gbogbo ọlọ́pàá fi wá a tì. Kò sí òkú kankan níbẹ̀. Kó wá ka "The Gold-Bug", ìtàn ìṣúra tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ àti àrokò tí wọ́n tú, tó ṣẹlẹ̀ ní Sullivan's Island ní South Carolina, níbi tí Poe ti ṣe sójà. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í nígbà tó bá dé orí Jupiter, aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ìtàn yẹn. Poe fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu bí òmùgọ̀, kí àwọn aláwọ̀ funfun lè fi rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ẹni tó kọ èyí ni ẹni tó bá wọn ta Edwin. "The Black Cat" lè dúró títí tó fi parí WAEC. Ọkùnrin tí ọtí sọ di apànìyàn ló wà níbẹ̀, ó sì le.

Kí ẹ tún ṣí iwájú ìwé náà wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé olówó pọ́ọ́kú kan ṣì ń tún ọ̀rọ̀ Griswold tẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú láìdárúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé wọ́n lé Poe ní yunifásítì, ẹ ní kó fo ojú ewé náà, kó lọ tààrà sínú ìtàn.